Egbò Abẹ́ Ìbòmú

Ẹnu ọ̀nà ni Ramlah wà tó fi rí i. Nínú wọ́ọ̀dù ibà Lassa, Olúrótìmí fa ìbòmú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń gbé ọwọ́ tòun ti ìbọ̀wọ́ lọ sí imú.

"Má fọwọ́ kàn án!"

Ọkùnrin náà dúró gbagidi. Ramlah mú un jáde, ó ràn án lọ́wọ́ láti bọ́ aṣọ ààbò bó ṣe yẹ, wọ́n sì fọ ọwọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ hàn tán, Ramlah mí kanlẹ̀. Awọ ti bó lórí igi imú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń sun níbẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ó ń ta mí bí ata. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní ọkùnrin ń sunkún nítorí imú."

Nọ́ọ̀sì ni àwọn méjèèjì ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ring Road. Ramlah kì í ṣe aláriwo, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ọ́fíìsì olórí wọn, Mátíróònù Dáramọ́lá, ló gbà lọ tààrà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìbòmú yìí ń dá egbò sí wa lójú."

"Ta ni kò dá sí? Ẹ fara dà á. Ojú tó ní àpá sàn ju ojú òkú lọ."

"Òótọ́ ni mà. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ẹni tí imú ń ta yóò tú u sílẹ̀, egbò sì ni ilẹ̀kùn tí àrùn ń gbà wọlé."

Mátíróònù ní kí Olúrótìmí má wọ wọ́ọ̀dù mọ́ títí egbò rẹ̀ yóò fi jinná. "Ìwọ ní tìrẹ, bí o bá rí ohun tí a lè fi sábẹ́ ìbòmú, tí atẹ́gùn kò sì ní ráyè gbà, wá fi hàn mí."

Ramlah ká báńdéèjì lé igi imú, ó de ìbòmú lé e. Bó ti mí síta, atẹ́gùn fẹ́ sí i lẹ́yinjú. Ó dán òwú wò. Òwú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó fi í sílẹ̀.

"Mi ò tíì ṣe tán," ló wí.

Ọjọ́ kejì, ó ń wẹ egbò ìbàdí bàbá kan tó ti pẹ́ lórí ibùsùn. Bó ṣe mú pílásítà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó rọ̀ bíi fóòmù tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ irú egbò bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Bí eléyìí bá lè gba ìbàdí bàbá lọ́wọ́ ibùsùn, kí ló dé tí kò ní gba imú? Ó gé tuntun tínínrín, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi imú ara rẹ̀ láìjẹ́ kó ká kò, ó sì de ìbòmú. Ó mí síta gidi. Atẹ́gùn kankan kò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde.

Nígbà tí Ramlah fi hàn án, Mátíróònù gbé omi kíkorò tí wọ́n fi ń dán ìbòmú wò bóyá ó ń jò, ó fín in yí orí rẹ̀ ká.

"Yí orí. Tẹríba. Sọ̀rọ̀ sókè."

Ramlah ka Fátíhà dé òpin.

"Ṣé ó korò lẹ́nu rẹ?"

"Rárá mà. Ṣùgbọ́n ó ku ohun kan. Ó yẹ ká máa jáde bọ́ ìbòmú, kí awọ lè sinmi."

"A ò pọ̀ tó, Ramlah."

"Mo mọ̀ mà. Síbẹ̀, pílásítà nìkan kò tó."

Mátíróònù na ọwọ́ sí aṣọ ààbò. "Ó dáa. Ẹ máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni n ó máa rọ́pò ẹni tó bá jáde."

Nígbà tí imú Olúrótìmí jinná, Ramlah gé pílásítà tirẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì fọwọ́ kan ojú rẹ̀ títí ó fi jáde wá sinmi.