Ìlà Aránṣọ

Láti ìgbà ìbò, apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ àdúgbò wa kì í kí ara wọn mọ́. Nígbà tí onígbáméjì wọlé, ilé iṣẹ́ ìlera ní kí n wádìí bó ṣe ń ràn. Mo bi ogójì ènìyàn léèrè ẹni tó wá sílé wọn, mo ya àwòrán àwọn ilé àdúgbò, mo sì fa ìlà kan láti ilé dé ilé fún àbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan. Obìnrin aránṣọ àdúgbò wa nìkan ni ìlà rẹ̀ dé apá méjèèjì. Mi ò bi òun fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan. Mo kà á sí ìfàkókòṣòfò. Mo lẹ àwòrán náà mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ìpàdé.

Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, gbogbo oníbàárà rẹ̀ ti kó aṣọ wọn lọ. Wọ́n ní òun ló ń kó àrùn kiri.

Mo lọ bá a.

“Wọ́n ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà,” ó ní. “Ẹ̀yin béèrè lọ́wọ́ gbogbo ayé, ẹ ṣì ṣìnà. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo gbé wọlé wọn?”

“Rárá, mà.”

“Omi oníyọ̀ àti ṣúgà, fún àwọn tó ń ṣàìsàn.”

Ojú gbà mí tì. Mo ní màá lọ já àwòrán náà.

“Ẹ má já a. Ẹ kọ ohun tí mo gbé sí ara ìlà mi, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ẹ ò bi mí léèrè.”

Mo kọ ọ́ ní ọ̀sán gangan, lójú apá méjèèjì, mo sì fi orúkọ mi sí i.