Òkè Gbígbẹ Inú Àbàtà

Ẹ gbọ́ ná. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹni tó bá mọ ibi tí hilla ń so, kì í sọ fún ọkọ, kì í sọ fún ọmọ. Èso inú àbàtà ni hilla, ó dùn ju oyin. Ogún ọdún ni mo fi ń dá ká tèmi.

Ó wá ku ọjọ́ mẹ́rin kí ẹgbẹ́ wa sá eré inú igbó, èyí tí èèyàn máa ń di máàpù mú sáré wá àmì kiri. Tauno ọkọ mi ló ń to máàpù náà. Èèyàn mẹ́ta ló ya àbàtà, oníkálukú ya ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀, onígun-onígun. Òmíì gun orí ara wọn, òmíì kàn fara kanra. Tauno bá fi Perl, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó fẹ́ràn jù mí lọ, kọ ètò tó dà wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan.

"Raili, wá wò ó! Kò lójú rírán!"

Veikko aládùúgbò wa, tó ya ọ̀kan níbẹ̀, ń jẹ búrẹ́dì mi. "Ó ti tó. Aago mẹ́ta ni mò ń gbé e lọ fáwọn tó máa tẹ̀ ẹ́."

Mo bojú wo máàpù náà. Òkè gbígbẹ kékeré tó wà láàárín ti pòórá! Ibẹ̀ nìkan lèèyàn lè gbà kọjá. Láìsí i, àwọn eléré á mumi àbàtà. Ṣùgbọ́n etí ẹ̀ gan-an ni hilla mi wà.

Mo bu kọfí. Mi ò lè mu ún.

"Tauno, òkè kan wà láàárín yẹn."

Veikko rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo ya á ò rí òkè. Kí ni ìwọ lọ ṣe níbẹ̀?"

Mo kàn ń ro kọfí mi. Veikko wò mí, ó wo ìgò jáàmù hilla orí tábìlì.

"Háà! Raili! Ibẹ̀ ni!"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún."

Tauno ti ń fọwọ́ gbá orí. "Ìlà ìta nìkan ni mo ní kó tọ́jú. Ihò tó bá wà láàárín, ibi tí kì í ṣe àbàtà, ṣe ló ń dà á nù." Ó tún un kọ. Kó tó di aago mẹ́ta, òkè mi ti padà.

Lọ́jọ́ eré, ẹnikẹ́ni ò rì. Veikko nìkan ló kẹ́yìn, ọ̀sán ti pọ́n, àgbọ̀n ẹ̀ rin fún omi èso.

"Ṣé o sọnù ni?"

"Rárá o, ìyàwó Tauno. Máàpù yẹn péye."

Ó kó ẹ̀kúnwọ́ hilla kan lé mi lọ́wọ́. Mo jẹ ẹ́, mò ń rẹ́rìn-ín.