Èsì Tí Ìyá Fọ̀ Lójú Ọ̀nà

"Wọ́n ní Ìyá Euphrasie ti… Ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́ o. Wọ́n ní òkè ìdílé wọn, gbogbo rẹ̀, ló… ló yọ̀ǹda fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé àlejò. Lẹ́nu ara rẹ̀! Ẹni tó rí lẹ́tà yẹn ní…"

Valentine dé ibi omi ní Kèrè, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó ń pọnmi bá dákẹ́. Wọ́n yẹ̀ fún un kí ó pọnmi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a gbé e rù.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ẹnikẹ́ni kò yà kí ìyá àgbà rẹ̀, Ìyá Euphrasie. Àwọn ẹbí tó ń ti ọjà Glazoué bọ̀ ń gba ẹ̀yìn àpáta kọjá. Ìyá ṣì ń bu iyán sílẹ̀ dè wọ́n, títí iyán á fi tutù.

Juvénal, òṣìṣẹ́ àwọn akọ́lé náà, ọmọ Kútọnu, ló gbé fóònù kalẹ̀ síwájú Ìyá lọ́jọ́ tó wá tọrọ òkè náà. "Ìyá, àáró ló wà nínú eléyìí. Ẹ̀rọ márùn-ún ni wọ́n. Ọ̀kan ń gbọ́, ó ń kọ ọ́. Ọ̀kan ń sọ ọ́ di Faransé, ọ̀kan ń gé e kúrú, ọ̀kan ń kọ lẹ́tà. Ìkarùn-ún ló ń yẹ iṣẹ́ àwọn yòókù wò."

"Ta ló ń se oúnjẹ fún wọn?"

"Wọn kì í jẹun, Ìyá."

"Áà! Àáró tí kò jẹun, tí kò pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Ẹ pẹ̀lẹ́ o."

Ìyá fún un lómi, ó dúpẹ́ pé ó gòkè wá, ó yin ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́. Nílé wọn, a kì í kọ̀ fún àlejò lórí ìjókòó; ìgbà tí a bá ń sìn ín sọ́nà ni a ń fún un lésì. Ṣùgbọ́n bí Ìyá ti dìde láti sìn ín báyìí ni Juvénal pa fóònù.

Kí ó tó sọ̀kalẹ̀ dé títì, àáró ti ṣíwọ́. Ìdúpẹ́ ni èkíní kọ, ìdúpẹ́ ni èkejì sọ di Faransé. Ẹ̀kẹta gé e di "ó gbà". Ẹ̀kẹrin fi ránṣẹ́. Ìkarùn-ún wò ó, ó rí i pé gbogbo rẹ̀ bára mu. Nígbà tí àwọn ẹbí bi Juvénal, ó ní ohun tí àwọn márùn-ún kọ ni búrò, ọ́fíìsì àwọn akọ́lé, mọ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn Mísà, Théodore, olórí ìdílé, pe gbogbo wọn jọ. Bí Ìyá bá jẹ̀bi, kò ní gbé orí òkè mọ́.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ ẹnu yín rèé nínú ìwé."

"N kò ní bá ìwé jà," ni Ìyá wí. Ó wolẹ̀.

Valentine kò sọ̀rọ̀ láwùjọ rí. Ẹ̀gbẹ́ Ìyá ló ti máa ń ka ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì jókòó sí lónìí. Ó dìde.

Ézéchiel, ọ̀kan nínú àwọn ẹbí, bú sẹ́rìn-ín. "Èyí tí kì í kíni ketekete!"

"Jẹ́ kó sọ ọ́," ni Théodore wí. "Kí ni Ìyá sọ?"

Valentine di ojú. "Ojú ọ̀nà ni, nígbà tí èmi àti Ìyá ń sin Juvénal. Ìyá ní: 'Ọmọ mi, o ṣeun. Mi ò ní fún yín ní òkè yìí. Ọkọ mi sùn síbẹ̀, ọmọ mi méjì sùn síbẹ̀. Bí ẹ bá kọ́lé lé wọn lórí, ta ni n ó máa bá sọ̀rọ̀?'"