Pọ́ǹpù Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

"Pọ́ǹpù sítíárín yìí ti kú, Màmá," ni mẹkáníìkì wí, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kò tíì fi kan nǹkan kan. "Irú rẹ̀ ò sì sí lọ́jà mọ́. Ọkọ̀ yìí ti dàgbà. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Ìyá náà ò kúrò níwájú ọkọ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi gbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìn tì, Màmá Agbẹ̀bí ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é títí dòní. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, òun ló ń fi ọkọ̀ náà gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ sílé ìwòsàn, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, torí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀la sì ni ọjọ́ Ẹtì.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkọ̀ náà ti ń ké. Bí ìyá bá ti yí sítíárín sọ́tùn-ún tàbí sósì, pàápàá láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kérora bí ẹni tí eyín ń dùn. Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbọ́ igbe náà, inú rẹ̀ sì dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

"Màámi, ọkọ̀ ti ń bẹ̀ yín," ló wí. "Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi. Màá máa rán awakọ̀ sí yín."

Awakọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣèlérí awakọ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ẹ̀gbọ́n ìyá múra, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí oòrùn fi kàn án lórí, tí ẹnikẹ́ni ò yọjú.

"Ta ló sọ fún ọ pé ó ti kú?" ni ìyá bi mẹkáníìkì.

"Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń wọlé, mà."

"Èmi náà gbọ́ ọ. Ohun tó ń ké ò tíì kú. Ọmọ tó bá jáde tí kò ké la máa ń sáré tọ́jú. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Ó ṣí i tìkọ̀tìkọ̀. Ìyá ní kó tan ẹ́ńjìnnì, ó sì wo inú ike tí ọ́ìlì sítíárín wà. Ọ́ìlì náà ń yọ ìfófòó bí omi ọṣẹ.

"Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?"

Mẹkáníìkì fi àkísà nu ọrùn. "Atẹ́gùn ló wọ̀ ọ́, mà."

"Ibo ló gbà wọlé?"

Ìyá mú àjákù rọ́bà oníhò kan nílẹ̀, tó gùn tó apá. Ó ká etí ìró rẹ̀ mọ́ra kí bẹ́líìtì má bàa fà á, ó ki orí rọ́bà kan bọ etí, ó sì ń fi orí kejì tọ ara ẹ́ńjìnnì káàkiri. Iṣẹ́ tó fi ayé rẹ̀ ṣe náà ni: kó dẹ etí sí ikùn aboyún, kó sì ya ìlù àyà ọmọ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìyá rẹ̀. Ara pọ́ǹpù ń kùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Bẹ́líìtì ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó dé ibi rọ́bà ńlá tó ń gbé ọ́ìlì wọ pọ́ǹpù, lábẹ́ kílíìpù tó dè é, ó gbọ́ ọ: fíín-ín, bí ẹni tó ń fa tíì gbígbóná mu.

"Wá gbọ́ tìẹ."

Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó na ìka síbẹ̀, ìka náà sì bá ojú ibi tó là.

"Rọ́bà ló là, mà. Òun ló ń fa atẹ́gùn mọ́ ọ́ìlì."

"Pọ́ǹpù ńkọ́?"

"Pọ́ǹpù ò ṣe nǹkan kan."

Ìyá tẹjú mọ́ ọn. Ìwò yẹn ló tú àṣírí. "Bọ̀dá, ọmọ yín, ló pè mí láàárọ̀," ni mẹkáníìkì wí, ojú ẹ̀ wà nílẹ̀. "Wọ́n ní kí n bá àwọn pàrọwà fún yín. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé kí nǹkan má lọ ṣe yín lójú títì."

"Ẹni tá a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fẹ̀gún sọ́wọ́," ni ìyá wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Pààrọ̀ rọ́bà náà. Ojú mi ni wàá ti ṣe é."

Mẹkáníìkì gé rọ́bà tuntun, ó fi kílíìpù tuntun méjì dè é, ó da ọ́ìlì ìfófòó nù, ó sì rọ òmíràn. Ó fi jáàkì gbé táyà iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀. Ìyá wọnú ọkọ̀. Láìtan ẹ́ńjìnnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí sítíárín lọ sọ́tùn-ún títí dé òpin, ó dá a padà sósì títí dé òpin, kí atẹ́gùn tó há sínú lè jáde. Ó wúwo. Èjìká ń dùn ún.

"Ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é, Màmá."

Ìyá ṣáà ń yí i.

Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ bá wọn. Ó ti wá fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé ìyá lọ sílé. Ó wo mẹkáníìkì; mẹkáníìkì wo jáàkì.

"Màámi, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Mò ń ṣiṣẹ́."

"Ọkàn mi kì í balẹ̀ tí ẹ bá ti jáde."

"Tèmi náà kì í balẹ̀ tí ìwọ bá jáde. Ṣé mo ti gba kọ́kọ́rọ́ rẹ rí?" Ó tún yí sítíárín lẹ́ẹ̀kan sí i. "Bó o bá rí i pé ojú mi ń ṣe bàìbàì, sọ ọ́ fún mi. Mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Bó bá ní kí n má wakọ̀ mọ́, èmi fúnra mi ni màá kó kọ́kọ́rọ́ lé ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n má tún parọ́ mọ́ pọ́ǹpù torí tèmi."

Nígbà tí ìfófòó ò yọ mọ́, mẹkáníìkì sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Ìyá tan ẹ́ńjìnnì. Ó yí sítíárín sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Kò sí igbe kankan.

Ọmọ rẹ̀ súnmọ́ fèrèsé ọkọ̀. "Aago mélòó lẹ máa ń jáde lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Aago mẹ́fà àbọ̀."

"Màá bá yín lọ lọ́la."

"Kò burú," ni ìyá wí, ó ń wo dígí ẹ̀yìn. "Ẹ̀yìn ni wàá jókòó o. Iwájú ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó."

Ó sì wa ọkọ̀ jáde sí títì.