Ìwé Ẹ̀jẹ̀ Akínfẹ́mi

Ó ti rẹ Ambrose. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ ti ń rọ́ lọ ṣe nọ́ọ̀sì ní Jámánì, kò sí ìwé láàbù tí wọn kì í gbé wá bá a pé kó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, nítorí òun nìkan ni wọ́n mọ̀ tó kọ́ṣẹ́ láàbù lọ́hùn-ún nígbà ọ̀dọ́, kó tó wá fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Ojú ti ń dùn ún. Àwọn ọ̀rọ̀ Jámánì náà kì í dá rìn. Wọ́n á so mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ bí ìdì igi ìdáná, àfi kéèyàn jókòó tú u.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Jonah wọlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé, tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Inú Jonah ń dùn. Akínfẹ́mi ọmọ rẹ̀ ti ti Jámánì dé, ó fẹ́ gbé ọmọbìnrin Ìdóàní kan níyàwó, ìgbéyàwó sì ku oṣù kan. Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ni àlùfáà ń retí.

"Fóònù ti túmọ̀ ẹ̀," Jonah wí. "Ó ní kò láìsàn kankan. Ìwọ ṣáà kọ ọ́ dáadáa, kí o lu òǹtẹ̀."

Ambrose wọ awò. Nísàlẹ̀ ìwé ló ti rí i: Sichelzellanlage. Ó tú u: ó ru ẹ̀jẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde ní ìdajì. Lábẹ́ rẹ̀, dókítà Jámánì kọ ọ́ pé èyí kì í ṣe àìsàn. Lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀wọ̀ ò bèèrè àìsàn. Ṣé AA ni àbí AS, ohun tí wọ́n ń bèèrè nìyẹn.

"AS ni Akínfẹ́mi," ó wí. "Ọmọ Ìdóàní ńkọ́?"

Ojú Jonah yí padà. "AS," ó wí níkẹyìn. "Ambrose, ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń fẹ́ra. A ti pín ìwé ìpè. Kọ ohun tó wà níbẹ̀, pé kò láìsàn. Irọ́ kọ́."

Irọ́ kọ́ lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló tún dá kún àárẹ̀ Ambrose. Ìlà kan péré ló máa fò. Ó ti sú u láti máa ba ayọ̀ ilé onílé jẹ́.

Ó kọ ọ́. Ìlà kìíní: kò láìsàn. Ìlà kejì: AS ni. Ó lu òǹtẹ̀, ó sì tì í síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Jonah ò fọwọ́ kàn án.

"Tó bá jẹ́ ọmọ tìẹ ni ńkọ́?"

Ambrose wo ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Theresa ìyàwó rẹ̀ ti ń sá ẹ̀gẹ́ sóòrùn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀ṣì bèèrè tiwa náà nígbà tí èmi àti Theresa fẹ́ ṣègbéyàwó. Èmi ni mo yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò ní láàbù. AS ni àwa méjèèjì. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ AA fún ara mi."

Jonah mọ Zipporah, ọmọ wọn. Òun náà wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀, nígbà tó kú lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún.

"Ṣé Theresa mọ̀?"

"Títí dòní, ó rò pé ẹ̀rọ láàbù ló ṣàṣìṣe."

Jonah mú ìwé náà, ó ká a, ó fi sápò. Bó ṣe ń jáde, Theresa gbójú sókè láti ìdí ẹ̀gẹ́, ó ní kó bá òun kí ìyàwó tuntun.