Orí Ẹja Àrọ̀

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Omi ṣì ń kán tó, tó, tó láti etí páànù, ọ̀sà ń mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn ilé, òórùn ẹ̀fìnrín sì ń ti inú ìkòkò jáde lọ bá àwọn ará àdúgbò. Bámitálẹ́ jókòó ti ìkòkò náà. Kò rí i. Ó di ọdún mẹ́jọ tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọbẹ̀ ti jinná, nítorí ohùn ọbẹ̀ ti yí padà: kò pariwo mọ́, ó kàn ń kùn jẹ́jẹ́.

Lónìí, òun ló se é. Lónìí, òun ló ra ẹja.

Káfíńtà ni kí ojú tó lọ. Àwọn ilẹ̀kùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn ṣì ń ṣí, wọ́n ṣì ń tì, kò sí èyí tó ń ké nínú wọn. Ṣùgbọ́n àtìgbà tí ojú ti lọ, ọwọ́ Wúràọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ, ló ti ń jẹun. Bí Wúràọlá bá se ẹja, orí ẹja a bọ́ sínú àwo àbúrò, ìrù a bọ́ sínú tirẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ràn orí ẹja. Irọ́ ni. Orí ẹja ni àwọn méjèèjì máa ń jà sí nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì ìjọba nítorí owó ìrànwọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá. Wọ́n ní kí wọ́n lọ gba ìwé dókítà. Wọ́n ní ìwé dókítà ti pẹ́ jù. Wọ́n ní nínú fọ́tò, ojú Bámitálẹ́ kò wo iwájú. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, akọ̀wé bi Wúràọlá, bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ kò sí níbẹ̀, pé ṣé kí òun kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ọkùnrin yìí kò lè ṣe ohunkóhun. Wúràọlá kò mọ èyí tí yóò sọ. Bó bá sọ pé ó lè ṣe nǹkan, owó lè bọ́. Bó bá sọ pé kò lè ṣe nǹkan, àbúrò rẹ̀ ń gbọ́.

Bámitálẹ́ ló dáhùn.

“Ẹ kọ ọ́ pé mi ò ríran. Ẹ má kọ ọ́ pé mi ò wúlò.”

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Oṣù méje kọjá. Láàárọ̀ yìí, fóònù rẹ̀ tó máa ń ka ọ̀rọ̀ sókè kà á fún un pé owó ti wọlé. Kì í ṣe owó ńlá. Kò tó kọ́lé, kò tó gbéyàwó. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dá lọ sí etí omi, ó ń fọwọ́ wọn orí àwọn ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi kan èyí tó tóbi jù.

Báyìí, bàtà Wúràọlá ń fà wọlé. Bámitálẹ́ ti ṣíbí bọ ìkòkò, ó wá orí ẹja, ó rí i, ó gbé e sínú àwo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbọ́ tí àwo ń padà bọ̀ lórí tábìlì. Ó fi ọwọ́ dá a dúró.

“Ẹ jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo gbà yín lálejò lónìí.”

Àwo náà padà sọ́dọ̀ Wúràọlá. Lẹ́yìn náà, egungun ṣẹ́ kẹ́, ètè fà á mu fìn-ín, egungun tún ṣẹ́, ètè tún fà á mu. Bámitálẹ́ kò tíì fọwọ́ kan tirẹ̀. Etí ló fi ń jẹun, ó sì ń yó. Wúràọlá, tí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, na àwo sí i.

“Ṣé ó kù?”

Ẹ̀rín gba gbogbo ojú Bámitálẹ́.

Ó kù, ni ó ń wí, ó ń wa ọbẹ̀. Ó kù dáadáa. Ó kù.