Aago Tí Wọ́n Ní Ó Yí Ayé Ká

Láyí oníbúrẹ́dì ní aago ọwọ́ kan. Gbogbo Erunmu ló mọ aago náà, nítorí ohun tí Láyí sọ nípa rẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan ti wọ̀ ọ́ sọ́wọ́ lọ sókè, ó sì fi yí ayé ká nínú ọkọ̀ tó ga ju ìkùukùu lọ, kó tó wá di tòun.

Kánò ló ti rí i. Ó se oúnjẹ níbẹ̀ fún àwọn òyìnbó kan tí wọ́n pàgọ́ sẹ́yìn ìlú, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ bá àwọn tó wà lókè sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n palẹ̀ mọ́, ọ̀kan nínú wọn bọ́ aago náà fún un. Láyí padà sílé, ó mọ ààrò búrẹ́dì sí ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá bi í léèrè ló ń sọ ìtàn aago fún. Ẹni tí kò bá bi í, búrẹ́dì ló ń tà fún un.

Kò sẹ́ni tí ìtàn náà dùn tàbí tó bí nínú. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí rédíò sọ pé ènìyàn ti fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, àwọn ará ilé Láyí wá tọrọ Àpèkẹ́, ọmọ Ṣàngóníyì. Ọ̀rọ̀ aago wá di ọ̀rọ̀ gidi.

Ilé Ṣàngó ni ilé Ṣàngóníyì. Òrìṣà wọn kórìíra irọ́. Ẹni tó bá purọ́, iná ló fi ń bá a jà. Bàbá kan kò lè mú ọmọ jáde nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kó fi í fún òpùrọ́. Tí ọ̀rọ̀ aago bá jẹ́ irọ́, kò sí ìyàwó.

Sàníù onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ ta á sí i létí. Òun náà ti gbé Kánò rí. Irùngbọ̀n Ṣàngóníyì ló ń fá lọ́wọ́.

"Bàbá, aago ọmọ tó fẹ́ fẹ́ Àpèkẹ́ yẹn, apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń tà á ní Sábó Kánò. Èyí tó bá ti họ díẹ̀, wọ́n á ní òyìnbó kan ló wọ̀ ọ́ jagun. Ogun ò tó Láyí, ó gbé tiẹ̀ dé ojú ọ̀run."

"O wà níbẹ̀ nígbà tó rà á?"

"Mi ò sí níbẹ̀."

"Máa fá irùngbọ̀n."

"Mò ń fá a, Bàbá. Ẹ má mi ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀run tí a ó kú ká tó dé, ibẹ̀ ni aago oníbúrẹ́dì lọ tó tún bọ̀!"

Ṣàngóníyì jẹ́ kó fá a tán. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ mọ̀.

Ohun tó bá ti òkè wá, Ṣàngóníyì ni wọ́n ń gbé e wá bá. Bí àgbẹ̀ bá ń kọbè, tí ọkọ́ rẹ̀ kan òkúta dúdú kan tó mú lẹ́nu bí àáké, á mọ̀ pé ẹdùn àrá ni, èyí tí Ṣàngó máa ń sọ sílẹ̀ nígbà tí àrá bá sán. Á dì í sínú ewé, á gbé e lọ fún Ṣàngóníyì kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣàngóníyì á fi òwú funfun wé e pinpin, á gbé e ka ẹyin iná, á máa ki Ṣàngó. Tó bá ki Ṣàngó tán tí òwú kò jó, òkè ni òkúta náà ti wá. Bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe é nìyẹn.

Ó ránṣẹ́ sí Láyí pé kó mú aago wá.

Wọ́n pé sí àgbàlá. Àrẹ̀mú, àbúrò Ṣàngóníyì, jókòó. Sàníù wá, ẹnikẹ́ni kò pè é. Láyí yọ awọ kúrò lára aago, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé irin rẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, ṣé iná ò ní ba nǹkan inú ẹ̀ jẹ́?"

"Tó bá la ti òkè já, á la tiwa náà já."

Ṣàngóníyì wé òwú, kò fi àlàfo sílẹ̀. Ó fi ẹ̀mú gbé aago ka iná. Ó ki Ṣàngó dópin, ó gbé e kúrò. Òwú pọ́n díẹ̀. Kò jó.

"Ó tán," Àrẹ̀mú wí. "Òkè ló lọ. Sàníù, lọ pọ́n abẹ rẹ."

Láyí gbé aago sétí. Ó ṣì ń dún. Àpèkẹ́ sá wọlé kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àpèkẹ́ ń fẹ́ná.

"Bàbá Àpèkẹ́, àwọn òkúta tí wọ́n máa ń gbé wá yìí, láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yín, èwo ni òwú rẹ̀ jó rí?"

Ṣàngóníyì ka àwọn òkúta náà lọ́kàn, kò rí ọ̀kan. Ó rántí lọ sí ìgbà ayé bàbá rẹ̀. Kò rí ọ̀kan níbẹ̀ náà.

"Bóyá gbogbo wọn ló ti òkè wá lóòótọ́," obìnrin náà wí. "Ẹ má bínú. Mo kàn béèrè ni."

Kò bínú. Ọ̀rọ̀ náà ń yún un lára ni. Ó ṣí àgádágodo ẹnu ọ̀nà àká, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ rà n'Ìbàdàn. Ó wé òwú mọ́ ọn pinpin, ó gbé e ka iná, ó ki Ṣàngó lóhùn kékeré. Òwú kò jó. Ó mú òkúta odò. Kò jó. Ó mú igi ìdáná. Òwú jó kó tó parí oríkì kan. Ó tún gbé àgádágodo, ó wé òwú mọ́ ọn, kò dì í pinpin. Ó jó lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ wò ó," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Mo rí i."

Òwú kò mọ òkè, kò mọ ilẹ̀. Ohun tó bá le, tó tutù, tí òwú sì dì mọ́ dáadáa, kì í jẹ́ kó tètè jó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tó bá dákẹ́, Àpèkẹ́ á relé ọkọ, orúkọ ilé á dúró, kò sẹ́ni tí yóò béèrè. Ó mọ èyí. Ó wọ bàtà, ó lọ sí ìdí ààrò Láyí.

Láyí dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

"Dìde. Aago yẹn, o rí i nígbà tó lọ sókè?"

"Rárá, Bàbá."

"O rí ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ?"

"Mi ò rí i. Àwa alásè kì í dé ìdí ẹ̀rọ. Ẹni tó fún mi ló sọ bẹ́ẹ̀."

"O gbà á gbọ́?"

"Kò purọ́ fún mi rí. Tí ọbẹ̀ mi ò bá dùn, á sọ."

"Tó bá fi ọ́ ṣeré ńkọ́?"

Láyí fi pátákó fa búrẹ́dì jáde nínú ààrò kó má baà jóná. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti rò ó rí. Mo sì ti sọ fún Àpèkẹ́ pé wọ́n sọ fún mi ni, mi ò mọ̀."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ lánàá."

"Ẹ ò bi mí, Bàbá. Iná lẹ bi."

Ṣàngóníyì yíjú sílé. Lójú ọ̀nà, ó ń ro ẹdùn àrá tó wà lójúbọ bàbá rẹ̀. Òun kò rí i nígbà tó já bọ́. Bàbá rẹ̀ ló sọ fún un. Bàbá rẹ̀ náà kò purọ́ fún un rí.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó tún pe gbogbo wọn. Ó fi àgádágodo hàn wọ́n, ó gbé e ka iná lójú wọn. Òwú kò jó.

Àrẹ̀mú fò dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun! Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń wó? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aago nìkan!"

"Mo mọ̀."

"Ta ni yóò tún gbé òkúta wá bá wa?"

"Ìyẹn ni mi ò mọ̀."

Sàníù pàtẹ́wọ́. "Mo wí i! Irọ́ ni aago náà!"

"Mi ò ní irọ́ ni. Mo ní mi ò mọ̀. Ìwọ náà ò mọ̀." Ṣàngóníyì nawọ́ sí Láyí. "Ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ yìí ló sọ. Mo bi í, kò fi ohun kan lé e, kódà nígbà tí iná ti gbè é. Aago ò ṣeé yẹ̀ wò. Òun ṣeé yẹ̀ wò. Mo fún un lọ́mọ."

Àrẹ̀mú kò wá síbi ìdáná Àpèkẹ́. Títí iṣu tuntun fi jáde, tí wọ́n bá pàdé lọ́nà oko, ìkíni rẹ̀ kò ju "ẹ kú" lọ. Àwọn tó ń gbé òkúta wá sì dínkù.

Lọ́jọ́ kan, àgbẹ̀ kan tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà wá láti ọ̀nà Lálùpọn, ó tú ewé. "Bàbá, ẹ bá mi wo eléyìí. Ṣé òkè ló ti wá?"

Ṣàngóníyì kò dáná. Ó gbé òkúta náà sínú oòrùn, ó ń yí i. Ó fi àtàǹpàkò ra ẹnu òkúta náà síwá sẹ́yìn. Ó rí ipa wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀, bí ipa tó máa ń wà lẹ́nu àdá tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n.

"Fọwọ́ kàn án níbí," ó wí. "Ẹnìkan ló pọ́n ọn."

"Ta ni, Bàbá?"

Ṣàngóníyì fa àpótí sún mọ́ ìmọ́lẹ̀, ó jókòó.

"Níbo gan-an lo ti rí i?"